Iná Dáṣíbọ́ọ̀dù Bàálù Kékeré: Kí La Fẹ́ Kí Gílóòbù Tuntun Ṣe Fún Wa?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin awakọ̀ òfurufú àti ẹ̀yin tí ẹ ń tún bàálù ṣe, ẹ kú ìjókòó. Mo dúpẹ́ pé ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí ohun tó kéré báyìí. Gílóòbù tó ń tanná sí àwọn aago iwájú awakọ̀ kò tó èékánná àtàǹpàkò yín. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú tí bàálù sì ti gbéra, òun ló wà láàárín awakọ̀ àti gbogbo ohun tí aago rẹ̀ ń sọ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mo ń lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ pààrọ̀ iná dáṣíbọ́ọ̀dù ló máa ń wá èyí tó mọ́lẹ̀ jù. Wọ́n á tàn án nínú háńgà lọ́sàn-án gangan, wọ́n á ní, "Ó mà mọ́lẹ̀ o!", wọ́n á sì kó irinṣẹ́ wọn nílẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù tó dára ni èyí tó ṣeé dín kù títí yóò fi ku díẹ̀ kó kú, tí aago yóò ṣì ṣeé kà, tí ojú awakọ̀ yóò sì tún lè rí ìta. Inú òkùnkùn la ti ń dá a mọ̀, lórí ìjókòó awakọ̀ gan-an.

Òfin tí Amẹ́ríkà fi ń yẹ bàálù kékeré wò kí wọ́n tó tún un kọ lọ́dún 2017, ìyẹn Part 23, sọ̀rọ̀ yìí ní ṣókí ní abala 1381. Ó ní iná aago gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aago kọ̀ọ̀kan àti ohun ìdarí kọ̀ọ̀kan ṣeé kà láìsí wàhálà. Ó ní ìtànṣán rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ awakọ̀ lójú, ì báà jẹ́ tààrà, ì báà jẹ́ èyí tó ta padà lára gíláàsì iwájú. Ó ní àlàfo tàbí ohun ìdábòóbò gbọ́dọ̀ wà láàárín ibi tí iná mànàmáná ń gbà kọjá àti ilé gílóòbù, kí gbígbọ̀n bàálù má baà jẹ́ kí wọ́n kanra. Ó wá fi gbólóhùn kan kún un tí mo fẹ́ràn púpọ̀: iná àjà inú bàálù kì í ṣe iná aago. Ẹ rò ó wò. Iná àjà lè mọ́lẹ̀ ju gbogbo àwọn iná wẹ́wẹ́ yẹn lọ, síbẹ̀ òfin yọ ọ́ kúrò láàárín wọn pátápátá.

Inú ojú wa ni ìdí rẹ̀ wà. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀. Òun ló ń mọ àwọ̀, òun la fi ń kàwé, àárín gbùngbùn ló sì pọ̀ sí. Èkejì ni ti òkùnkùn. Kò mọ pupa yàtọ̀ sí búlúù, kò lè ka nọ́ńbà wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ bíńtín ti tó o láti ríran. Ó máa ń gbà tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí sẹ́ẹ̀lì òkùnkùn yìí tó jí tán. Bí iná líle bá sì wọ ojú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré, ìdúró yẹn ti di òfo, ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Awakọ̀ òru sì nílò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fẹ́ ka aago gíga, ìyẹn aago tó ń sọ bí bàálù ṣe ga tó, tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré. Ó tún fẹ́ rí òkè tí kò ní iná kankan lórí, ó fẹ́ rí ìkùukùu, ó fẹ́ rí bàálù mìíràn tó ń bọ̀ lápá òsì. Ohun tó ń ran àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ló ń ṣe èkejì níkà. Afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́ lókè tún ń dá kún un, torí ìríran òru wà lára ohun tó ń tètè dín kù bí ọ́síjìn bá dín. Ìdí nìyẹn tí FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, fi ń gba awakọ̀ níyànjú pé kó máa lo ọ́síjìn bó bá ti kọjá ẹsẹ̀ bàtà 5,000 lóru, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10,000 ni wọ́n sọ fún ojú ọ̀sán. Nítorí náà, ẹni tó bá fi iná funfun gàgàrà sí iwájú awakọ̀, apá kan ojú ọkùnrin tàbí obìnrin náà ló pa yẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ iná ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ gan-an. Sẹ́ẹ̀lì òkùnkùn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ pupa. Ibi tó ti ń ríran jù ni àwọ̀ ewé tó ń lọ sí búlúù, ní nǹkan bíi nánómítà 500, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí iná pupa fi gbilẹ̀ nínú bàálù láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ṣùgbọ́n pupa ní àléébù tirẹ̀. Gbogbo ìlà pupa tó wà lórí máàpù yóò pòórá mọ́ awakọ̀ lójú, ìlà pupa ojú aago tó ń sọ eré tí kò gbọdọ̀ kọjá yóò sì di bákan náà pẹ̀lú funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà tí ojú wọn kò rí nítòsí dáadáa mọ́ ló ń jìyà rẹ̀ jù, nítorí ìmọ́lẹ̀ pupa máa ń kóra jọ sẹ́yìn ibi tó yẹ kó kóra jọ sí nínú ojú. Àwọn ológun tó ń lo awò òru, iná aláwọ̀ ewé ni tiwọn, torí awò yẹn máa ń gba pupa sínú ju bó ṣe yẹ lọ. Ní tèmi, fún bàálù kékeré tí àwọn ará ìlú ń wà, iná funfun tó rọra pọ́n bí epo ni mo fara mọ́, bó bá ti lè wálẹ̀ dáadáa. Funfun tó ń tan búlúù búlúù ni kí ẹ sá fún. Inú LED onífunfun tútù, ìyẹn gílóòbù ìgbàlódé tí kì í lo fọ́nrán irin, ìmọ́lẹ̀ búlúù nítòsí nánómítà 450 pọ̀ níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì òkùnkùn sì ń rí i kedere.

Kí ẹ tó mú irinṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ mọ irú iná tí bàálù yín ní. Nínú bàálù kékeré Cessna àti Piper àtijọ́, ẹ lè bá iná pupa kan lókè tó ń da ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ sórí gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn mìíràn ní post light, ìyẹn òpó kékeré tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago kọ̀ọ̀kan, tó dé fìlà tó ní ojú kan ṣoṣo tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde. Àwọn kan ní iná nínú aago fúnra rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ fi sílẹ̀ o. Òfin Amẹ́ríkà kò gba mẹkáníìkì bàálù láyè pàápàá láti tún inú aago ṣe. Ilé iṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ fún aago ló ni ín. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ní láti yọ aago tó ń lo afẹ́fẹ́ ìta kúrò kí ọwọ́ yín tó dé ibi gílóòbù, ẹ rántí pé ẹ ti tú ọ̀nà afẹ́fẹ́ yẹn sílẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ dán an wò bóyá ó ń jò kí bàálù náà tó tún wọ inú ìkùukùu.

Ẹ̀yìn èyí ni nọ́ńbà gílóòbù. Bàálù kékeré kan ń lo fólítì 14, òmíràn ń lo 28. Gílóòbù 330 jẹ́ ti fólítì 14, ó ń fa áḿpíà 0.08. Gílóòbù 327 jẹ́ ti 28, ó ń fa 0.04. Bí ẹ bá sọ ọ́ di wáàtì, ọgbọọgba ni wọ́n. Ìrísí wọn bákan náà, ìdí wọn bákan náà, ihò kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Ara ìdí wọn tó kéré báyìí ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí, ó sì lè gba awò kí ẹ tó rí i kà. Bí ẹ bá fi 330 sínú bàálù onífólítì 28, yóò jó lójú ẹsẹ̀, ẹ óò sì mọ̀. Òdìkejì rẹ̀ ló máa ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. 327 nínú bàálù onífólítì 14 yóò tàn, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí ìdámẹ́wàá lọ, yóò sì máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àwọn èèyàn á wá máa tú nọ́ọ̀bù tó ń dín iná kù, wọ́n á máa tú wáyà, bẹ́ẹ̀ wọ́n kò ka ìdí gílóòbù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí gílóòbù onífọ́nrán bá jó gẹ́lẹ́ nígbà tí ẹ tan súìṣì. Nígbà tí fọ́nrán inú rẹ̀ bá tutù, agbára tó fi ń dá iná dúró kò ju bí ìdámẹ́wàá ti ìgbà tó bá gbóná lọ, nítorí náà iná tó ń rọ́ wọlé lákọ̀ọ́kọ́ pọ̀ ju ti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ fíìfíì. Bí nọ́ọ̀bù bá wà nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ ń tan súìṣì, tí ẹ wá ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, fọ́nrán yóò gbóná pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ni bàálù mọ̀: bí ẹ bá dín fólítì kù ní nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún péré, ọjọ́ ayé gílóòbù onífọ́nrán fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Awakọ̀ tó ń dín iná kù fún ojú ara rẹ̀ ń fi gílóòbù pa mọ́ pẹ̀lú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kan iṣẹ́. Ẹ pa súìṣì àgbà, kí ẹ sì yọ orí bátìrì, ti nẹ́gátíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní gílóòbù lásán ni, kí ló dé tí a ń yọ bátìrì? Ohun tó dé ni pé irin tí ẹ fẹ́ kì bọ inú ihò yẹn lè kan àárín àti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Fíúsì lè gbà yín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú bàálù tó ń fi transistor, ẹ̀yà ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná mànàmáná, dín iná kù, transistor lè jó kí fíúsì tó jó, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá a sì di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ ta aṣọ funfun sílẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, láti orí ẹsẹ̀ ìtẹ̀ títí dé ìjókòó. Lẹ́yìn náà ẹ di fìlà post light mú. Àwọn kan wà tí ẹ óò fà, àwọn mìíràn ẹ óò yí. Gílóòbù lè bá fìlà jáde, ó sì lè kù sínú ihò. Bó bá kù sínú ihò, ẹ má fi ẹnu tinrin irin wá a. Ẹ mú rọ́bà oníhò, ìyẹn ọ̀pá rọ́bà tó rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ fún díẹ̀ ju gílóòbù lọ, kí ẹ tì í mọ́ orí gílóòbù rọra, ẹ óò gbọ́ bó ṣe gbá a mú, kí ẹ wá fà á tààrà síta láìṣẹ́ ẹ. Rọ́bà yẹn náà lẹ óò fi ti tuntun wọlé. Bí ẹ bá wo inú ihò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tí ẹ rí àwọ̀ ewé tàbí eruku funfun lára irin tó ń kan gílóòbù, ibẹ̀ ni àrùn wà. Gílóòbù tuntun yóò tàn lónìí, yóò sì máa ṣẹ́jú lọ́la. Ẹ nu ún mọ́ kó tó gba tuntun. Ẹ yẹ ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ post light ló ń gba ara dáṣíbọ́ọ̀dù dá iná padà, ọ̀dà tàbí ìpẹtà tó wà lẹ́yìn nọ́ọ̀tì sì lè dí i lọ́nà.

Kí ẹ tó dé fìlà padà, ẹ wo ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí. Ojú aago ló yẹ kó kọ sí. Bó bá yà díẹ̀ báyìí, ojú awakọ̀ ló ń tàn sí.

Ẹ ka gbogbo nǹkan tí ẹ yọ, gílóòbù àtijọ́, síkúrúù, fìlà, títí kan gíláàsì tó fọ́. Ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ni wáyà irin àti ṣéènì tó ń darí ìyẹ́ àti ìrù ń gbà kọjá nínú ọ̀pọ̀ bàálù kékeré, síkúrúù kan ṣoṣo tó bá bọ́ síbẹ̀ lè dá ìdarí dúró nígbà tí a kò retí. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ yí ohun ìdarí dé òpin lápá ọ̀tún, dé òpin lápá òsì, ẹ tì í síwájú pátápátá, ẹ fà á sẹ́yìn pátápátá, kí ẹnìkan máa fetí sí ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Wáyà tuntun tí ẹ bá fà kò gbọdọ̀ súnmọ́ àwọn ohun ìdarí wọ̀nyẹn.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ LED. Mi ò bá LED jà. Kì í gbóná bíi ti fọ́nrán, gbígbọ̀n bàálù kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan kan, iná tó ń fà kéré, ó sì ń pẹ́. Wàhálà rẹ̀ wà lára nọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ ká gbé rheostat yẹ̀ wò, ìyẹn irú nọ́ọ̀bù àtijọ́ tí wọ́n tò pọ̀ mọ́ gílóòbù kí ó lè jẹ lára fólítì. Gílóòbù 330 mẹ́wàá ń fa áḿpíà 0.8 láàárín ara wọn. Ká ní LED mẹ́wàá tó rọ́pò wọn kò fà ju 0.1 lọ, rheostat kan náà yóò wá máa jẹ ìdá kan nínú mẹ́jọ fólítì tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ óò yí nọ́ọ̀bù dé ilẹ̀, iná kò ní yí padà. Ní tòótọ́, ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ gba agbára àtidín iná kù lọ́wọ́ awakọ̀.

Pẹ̀lú transistor, òdìkejì lè ṣẹlẹ̀. LED funfun kan ń fẹ́ nǹkan bíi fólítì 3 kó tó tàn dáadáa. Bí mẹ́ta bá tò tẹ̀léra nínú gílóòbù kan, ó di nǹkan bí 9. Ẹ óò máa yí nọ́ọ̀bù, òkùnkùn ni, òkùnkùn ni, lójijì ni iná yóò bú jáde. Láàárín òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ gbàrà yẹn gan-an ni ibi tí awakọ̀ ń fẹ́ wà. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá LED náà ṣeé dín kù pẹ̀lú irú nọ́ọ̀bù tí bàálù yín ní, bí kò bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ má rà á. Ẹ má da LED pọ̀ mọ́ gílóòbù onífọ́nrán lórí nọ́ọ̀bù kan náà, torí wọn kì í jọ dín kù. Ẹ rántí pẹ̀lú pé LED mọ pọ́sítíìfù yàtọ̀ sí nẹ́gátíìfù, fọ́nrán kò mọ̀ ọ́n. Bí LED kan kò bá tàn, ẹ yí i padà kí ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́.

LED kan máa ń ní ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ nínú tó ń já iná pa tó ń tàn án kíákíá, ariwo ìyẹn sì lè wọ rédíò. Ẹ tan rédíò, ẹ ṣí i kó máa hó, kí ẹ wá máa gbé nọ́ọ̀bù iná sókè sódò. Bí híhó náà bá ń yí padà, ẹ ti rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́ḿpáàsì. Wáyà tí iná ń gbà kọjá ń dá agbára òòfà sílẹ̀ yí ara rẹ̀ ká, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ́ wáyà iná kọ́ḿpáàsì méjèèjì mọ́ra, kí ọ̀kan pa agbára èkejì. Síkúrúù ibẹ̀ náà, idẹ ni, kì í ṣe irin. Ẹ wo kọ́ḿpáàsì nígbà tí iná kú, kí ẹ tún wò ó nígbà tó tàn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Mo fẹ́ yà síbì kan díẹ̀, torí ó kan ẹ̀mí. Bí bàálù yín bá ti pẹ́ gan-an, tí aago inú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọdún 1940, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dà rádíọ́ọ̀mù ni wọ́n fi kun nọ́ńbà ojú rẹ̀ kó lè máa tàn fúnra rẹ̀. Pé kò tàn mọ́ kò sọ pé ó ti kú. Èròjà tó ń gba agbára rádíọ́ọ̀mù tó sì ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ ló ti bàjẹ́. Rádíọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ń gba nǹkan bí ọdún 1,600 kó tó dín sí ìdajì. Ẹ má ṣí gíláàsì rẹ̀, ẹ má ha ọ̀dà rẹ̀, ẹ má fẹ́ eruku rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń fi ọ̀dà yìí kun aago ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ń fi ètè mú ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kó lè ṣe ṣónṣó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fi egungun àgbọ̀n àti ẹ̀mí wọn dí i.

Ní ti ìwé àṣẹ, àfikún A inú Part 43 ti òfin Amẹ́ríkà dárúkọ gílóòbù iná ìyẹ́ àti ti iná ìbalẹ̀ lára ohun tí awakọ̀ tó ni bàálù lè fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀. Kò dárúkọ iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ pe mẹkáníìkì yín kó wà níbẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ LED lẹ fẹ́ fi rọ́pò, torí ohun tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún bàálù náà gbọ́dọ̀ ní àṣẹ tirẹ̀. Kí ó kọ iṣẹ́ náà sínú ìwé bàálù, pẹ̀lú ọjọ́, orúkọ, ìbuwọ́lùwé àti nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò ní fẹ́ gbọ́ láéláé pé ẹnikẹ́ni yín ṣe, ìyẹn ni pípààrọ̀ gílóòbù lójú òfurufú. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1972, ọkọ̀ Eastern Air Lines 401, tó jẹ́ Lockheed L-1011, ń bọ̀ láti New York sí Miami. Iná aláwọ̀ ewé tó yẹ kó sọ pé ẹsẹ̀ iwájú bàálù ti jáde kò tàn. Wọ́n gun òkè padà sí ẹsẹ̀ bàtà 2,000, wọ́n fa bàálù lé autopilot, ẹ̀rọ tó ń wa bàálù fúnra rẹ̀, lọ́wọ́, wọ́n sì dojú kọ ilé gílóòbù náà. Wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a padà, ó há. Ibi tí wọ́n ti ń bá a jà ni autopilot ti jọ̀wọ́ gíga tó dì mú, tí bàálù sì ń rọra sọ̀kalẹ̀ sínú òkùnkùn irà Everglades. Agogo ìkìlọ̀ dún, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nínú èèyàn 176 tó wà nínú rẹ̀, 101 ló kú. Ẹsẹ̀ bàálù náà ti jáde, ó ti dúró gírígírí sáyè rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Gílóòbù méjèèjì inú ilé iná kékeré yẹn ló ti jó. Aago gíga sì wà níwájú wọn, ó ń sọ òótọ́ fún wọn ní gbogbo àkókò náà. Bí gílóòbù bá kú mọ́ yín lọ́wọ́ lókè, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ máa wa bàálù yín, ẹ fi gílóòbù sílẹ̀ di ilẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìwé bá ti pé, ẹ dúró kí ilẹ̀ ṣú. Ẹ gbé bàálù jáde síbi tí kò sí iná, kí ẹ jókòó sórí ìjókòó awakọ̀, kí ẹ pa gbogbo iná, fóònù náà pẹ̀lú, fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ wá gbé nọ́ọ̀bù sókè láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ wò ó bóyá gbogbo aago jọ hàn ní ìwọ̀n kan náà, àbí ọ̀kan ti ń dán nígbà tí èkejì ṣì ṣókùnkùn. Ẹ ka aago gíga. Ẹ gbójú sókè wo ìta, kí ẹ wá ohun tó ṣókùnkùn, igi tàbí òrùlé, kì í ṣe iná. Ẹ wo gíláàsì iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ bóyá àwòrán iná kan ń hàn lára rẹ̀, kí ẹ sì tún wò ó nígbà tí ẹ wọ aṣọ tó funfun. Kí ẹni tó bá jẹ́ àgbà láàárín yín náà jókòó wò ó, kí ọ̀dọ́ jókòó wò ó, torí ojú wọn kò rí bákan náà. Ibi tí gbogbo aago ti ṣeé kà tí òrùlé ìta sì ti ṣeé rí, ẹ fi ọ̀dà kékeré sàmì sí i lára nọ́ọ̀bù.